Màmá Ẹ-Nawọ́ àti Àwọn Ọmọ Tó Ṣì Wà Lórí Ìlà

Sí nọ́ọ̀sì, àkọ́bí olóògbé, àti àwọn àbúrò rẹ̀,

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́, àti inú tó ń bí wa, ni gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yìí fi ń bá yín kẹ́dùn ikú ìyá yín, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Màmá Ẹ-Nawọ́. À bá fẹ́ kí ìwé yìí jẹ́ ti ìbànújẹ́ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí wa. Ẹ ní a kò gbọdọ̀ mú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan wá síbi ìsìnkú rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ sì to ẹ̀ṣẹ̀ wa lẹ́sẹẹsẹ. A kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí a kọ́kọ́ rò pé kì í ṣe àwa lẹ kọ ọ́ sí.

Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní kó dáhùn, nítorí òun ló bá ìyá yín ṣiṣẹ́ pẹ́ jù nínú wa. Ó kọ́kọ́ yarí. Ó ní òun àti màmá kì í ṣe ọ̀rẹ́, gbogbo ọgbà ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa obìnrin ní, "Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ ò ní pọ́n ọn lé ju bó ṣe yẹ lọ." Bó ṣe jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́ nìyẹn, lẹ́tà yín wà níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko.

Ẹ kọ ọ́ pé a sọ ìyá yín di ìránṣẹ́ lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tó rán ìyá yín níṣẹ́? Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi kọ́ kíláàsì kìn-ín-ní. A dágbére fún un, a ya fọ́tò, àwọn kan sunkún. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kí aago méje tó lù, ó ti wà lẹ́nu gẹ́ètì lórí àpótí tó fi ń jókòó, abẹ́rẹ́ olówùú gún sí àyà aṣọ rẹ̀, agolo bọ́tìnnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ nawọ́." Àwọn ọmọ sì nawọ́. Ọdún kẹsàn-án rèé. Ọmọ tí èékánná rẹ̀ bá gùn, ibẹ̀ ló ti máa gé e. Èyí tí okùn bàtà rẹ̀ bá tú, màmá á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá a so ó. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ lórí ìlà náà, ẹnikẹ́ni kì í sì í kúrò níbẹ̀, àfi tí màmá bá wo ọwọ́ rẹ̀ tán tó ní, "Ó dára, wọlé."

Ẹ̀ẹ̀mẹta la bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sinmi. Nígbà kẹta, igbákejì ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló lọ bá a níṣojú gbogbo ìlà. Ó ní, "Màmá, ilé-ẹ̀kọ́ dúpẹ́ o, ṣùgbọ́n ó ti tó. Ẹ lọ sinmi nílé." Ìyá yín gbé ojú sókè wò ó. Ó ní, "Ẹ nawọ́, ọ̀gá." Ọkùnrin ọlọ́mọ mẹ́rin ni o, kò mọ ìgbà tó nawọ́. Màmá yí ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ lọ gé èyí ná, kí ẹ tó wá lé mi." Àwọn ọmọ fi rẹ́rìn-ín di àkókò ìsinmi. Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí, igbákejì ọ̀gá kò tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan tí kì í gé èékánná rẹ̀. Irú èèyàn tí ẹ pè ní ìránṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ tún ní kí a kó ẹrù rẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá, àpótí "àti agolo pàǹtí kan." Bọ́tìnnì ló wà nínú agolo yẹn. Bọ́tìnnì tó bá já bọ́ nínú ọgbà yìí, ì báà jẹ́ ti ọmọ, ì báà jẹ́ ti olùkọ́, inú agolo yẹn ni wọ́n ń mú un lọ, ibẹ̀ náà ni màmá ti ń mú òmíràn láti fi rán ti ẹni tí tiẹ̀ bá já. Kì í wá èyí tó bára mu. Ọmọ kan wà ní kíláàsì kẹrin tí bọ́tìnnì márààrún àyà aṣọ rẹ̀ kò jọra wọn, ó sì ń fi wọ́n yangàn. Kò sí bí a ṣe fẹ́ mọ ti ta ni ti ta mọ́, nítorí náà ẹ má pè é ní ẹrù ìyá yín nìkan.

Nítorí pé ìwé ìkẹ́dùn ni èyí, ó yẹ kí a dárúkọ oore kan. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń nawọ́ síbi tí màmá kò sí. Tí màmá bá wà lápá ọ̀tún, ọmọ á na tiẹ̀ sí àárín. Igbákejì ọ̀gá ti fìyà jẹ ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mejì pé ọ̀lẹ ni, pé kì í da iṣẹ́ ojú pátákó kọ. Màmá wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ kẹrin ó gba ilé àwọn òbí rẹ̀ lọ, ó ní, "Ọmọ yín ò ríran." Ọmọ náà wà ní kíláàsì kẹta báyìí, ó ń lo awò ojú, òun ló sì ń ṣe ipò kìn-ín-ní. Inú bí igbákejì ọ̀gá sí ìyá yín nítorí èyí náà. Ó ṣòro kéèyàn fẹ́ràn ẹni tó máa ń tọ̀nà nígbà gbogbo.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọdún mẹ́ta lẹ ò fi dé ilé ìyá yín. Kò sí òbí kan tó gba gẹ́ètì yìí kọjá tí kò gbọ́ "ọmọ mi nọ́ọ̀sì" lẹ́nu rẹ̀ títí etí fi kún, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ojú yín. A kò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ó dùn wá pé lẹ́tà ẹ̀sùn la fi kọ́kọ́ mọ̀ yín.

Ó wá ku ẹ̀sùn tí ẹ kọ gbẹ̀yìn. Ẹ ní ìyá yín ṣubú níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, kò sì sí ẹni tó tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Igbákejì ọ̀gá kọ èsì mẹ́rin sí èyí, ó fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya. Òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní kan ló wà níwájú ìlà, okùn bàtà rẹ̀ tú. Màmá bẹ̀rẹ̀ láti so ó, ó fi èjìká ti ògiri gẹ́ètì, kò sì dìde mọ́. Ọmọ náà rò pé okùn ló ta kókó. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń dúró. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà lórí ìlà, gbogbo wọn nawọ́, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, nítorí bó ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Igbákejì ọ̀gá dúró lójú fèrèsé ọ́fíìsì, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìta, ó ní, "Ẹ wo ìlà òní, ó gún régé." Ó mu tíì rẹ̀ tán. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló kọjá. Ọmọbìnrin aláwò ojú yẹn ló rí i pé ojú màmá là sílẹ̀, kò sì ṣẹ́. Ó kúrò lórí ìlà, ó sáré wọ ọ́fíìsì. Ohun tí igbákejì ọ̀gá kọ́kọ́ sọ fún un ni pé, "Ta ló ní kí o kúrò lórí ìlà?"

Nọ́ọ̀sì ni yín. Ẹ mọ ohun tí ìṣẹ́jú mọ́kànlá lè ṣe jù wá lọ. A kò ní bẹ̀ yín pé kí ẹ gbàgbé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, igbákejì ọ̀gá ló ń dúró lẹ́nu gẹ́ètì. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ó kàn ní, "Ó dára, ẹ wọlé." Wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan ní, "Sà, ẹ ò tíì wo ọwọ́ wa." Ó wo gbogbo rẹ̀. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán bọ́tìnnì, kò tíì mọ̀ ọ́n rán dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í gba tiẹ̀. Wọ́n ń wọlé lóòótọ́, wọ́n ní àwọn ò tíì gbàṣẹ. Èyí tó wà níwájú ṣì ń béèrè bóyá ọwọ́ òun mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, a ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ ti gẹ́ètì yín. A ó mú àpótí àti agolo náà dání, àwọn ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n á tò síta, wọ́n á nawọ́, wọn ò ní pariwo. Ẹ lè bá wa jà tó bá yá, ó tọ́ sí wa. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jáde wá wo ọwọ́ wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n wọlé, nítorí ẹ̀yin lẹ kù tí ohùn yín lè jọ tiẹ̀.

Kí Ọlọ́run tó rí ìyá yín ní gbogbo ìṣẹ́jú tí a kò rí i tù yín nínú, kó tu àwa náà nínú, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tún wo ìlà kó má rí èèyàn.

Ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́,
Igbákejì ọ̀gá, ẹni tó wà lójú fèrèsé.