Ẹ Má Tíì Sọ fún Agnes

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kejìlá
Ìdánrawò ìkẹyìn nìyẹn. Ọjọ́bọ̀ la máa gbéra: Rotterdam, lẹ́yìn náà Ghent, orin Kérésìmesì ní ìlú méjèèjì, ó di ilé. Ògá Ohùn pariwo mọ́ àwa alto títí etí mi fi gbóná. (Uncle Oyèníran ni, olùdarí ẹgbẹ́ akọrin wa. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀.) Agnes nìkan ni wọn ò bá wí. Ta ló máa bá Agnes wí? Òun ló máa dá ẹsẹ kẹta kọ nínú orin tí Ògá Ohùn fúnra wọn kọ fún ìrìn àjò yìí. Nígbà tó dé ibẹ̀, mo gbàgbé pé ó yẹ kí n gbè é.

Lẹ́yìn náà ó pe ìyá rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, bó ṣe máa ń ṣe lọ́jọọjọ́ Àìkú. Mama ní kó kọ díẹ̀ kí àwọn gbọ́. Láàárín ọjà Rye Lane nílùú Ọba níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́ja, ó kọ ọ́ sínú fóònù, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Káàdì rẹ̀ tán kó tó kọ ọ́ parí. Ó ní òun máa ra ìborùn tó nípọn bọ̀ fún wọn, torí ọyẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Kúnmi, àbúrò Agnes, pè mí láti Ọ̀wọ̀. Mama ti lọ. Wọ́n sùn lánàá, wọn ò jí.

"Aunty Yéwándé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Aunty Agnes o. Kì í ṣe lórí phone. Ẹ kó àwọn àgbà lọ bá wọn, kí wọ́n jókòó. Mo ti warn gbogbo family, kò sẹ́ni tó máa post nǹkankan."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún. Èmi náà jẹun lọ́wọ́ Mama. Ọdún tí mo bá Agnes lọ sílé, yàrá tiwọn ni wọ́n gbé mi sùn sí.

Mo pe Ògá Ohùn. Wọ́n ní a ò lè tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò, kó máa gbé e káàkiri ìlú onílùú. Tí a bá dé, àwọn àgbà máa lọ sílé rẹ̀. "Ṣé o gbọ́, Yéwándé? Act normal." Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ, torí yàrá kan náà làwa méjèèjì máa sùn.

Àṣà wa ni, mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é fún èmi náà nígbà tí bàbá mi kú. Ṣùgbọ́n ṣé Agnes là ń rò ni, àbí ẹsẹ kẹta?

Ọjọ́rú, 11
Àsúmáù tí ilé wọn kọjú sí tèmi rí ojú mi, ó bi mí. Mo sọ fún un. Kò kúkú mọ Agnes. Ẹnu yà á. Lọ́dọ̀ tiwọn, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti sin òkú, gbogbo ọmọ ti gbọ́. Ó ní, "Sister, tó bá jẹ́ mummy tiyín ńkọ́?" Mo ní ọ̀tọ̀ ni tiwa. Ó gbé mọ́ínmọ́ín fún mi, ó lọ.

Mo pe Agnes bóyá ó ti di ẹrù. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Rye Lane. Mi ò béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há. Mo ní kó mu atalẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12
Ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Agnes jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní mo dákẹ́ jù, ṣé kò sí nǹkan tí mo fẹ́ sọ fún òun? Mo ní òòyì ọkọ̀ ni. Ó kọjú sí fèrèsé.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Rotterdam. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Orin Ògá Ohùn dá lórí ìyá tó ń rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún ní ibùjẹ ẹran. Agnes kọ ọ́ bí ẹni ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Àwọn òyìnbó ń nu ojú. Ògá Ohùn wò mí, wọ́n mi orí, bí ẹni ń sọ pé àwọn jàre. Orin náà dùn mọ́ mi, inú sì bí mi pé ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Ghent. Agnes pẹ́ ní balùwẹ̀ láàárọ̀, omi ń dà ṣáá. Ó ní ooru omi lòun ń fà sí ohùn. Ojú rẹ̀ pọ́n.

A lọ sí ọjà Kérésì kó tó di àkókò orin. Ó mú ìborùn kan, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣé Mama máa fẹ́ràn rẹ̀? Ó wò mí, ó dúró. Mo ní, "Wọ́n máa fẹ́ràn ẹ̀ gan-an." Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀! Ó rà á.

Ọjọ́ Àìkú, 15
A ti délé. Mo ti múra irọ́ sílẹ̀: ìlà ò dáa, iná ò sí lọ́dọ̀ Mama. Agnes ò pe ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ajé, 16
A lọ nírọ̀lẹ́: Ògá Ohùn, ìyàwó wọn, àgbà ìjọ méjì, èmi. Láti Peckham Road ni Ògá Ohùn ti ń tún ọ̀rọ̀ tò lẹ́nu.

Agnes ṣílẹ̀kùn. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Ó ti to àga yí pálọ̀ ká, ó ti gbé ohun mímu kalẹ̀. Fọ́tò Mama wà lára ògiri, ńlá, nínú férémù, ó fi ìborùn Ghent kọ́ ọ lọ́rùn.

"Ẹ kú ìrìn o. Ẹ jókòó."

Gbogbo ọ̀rọ̀ Ògá Ohùn bọ́ sọnù. Ìyàwó wọn bú sẹ́kún. Agnes ló ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.

Agnes ní ọmọ àdúgbò Mama kan ló gbé fọ́tò Mama àti àbẹ́là sí Facebook lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ẹbí ní kó yọ ọ́, ó yọ ọ́, ṣùgbọ́n Agnes ti rí i. Ògá Ohùn béèrè ohun tó wá mú un lọ kọrin. Ó ní, "Mama ò gbọ́ ọ parí lórí phone, Uncle. Mo fẹ́ kọ ọ́ parí fún wọn."

Mo tẹ̀ lé e lọ sí kíṣìnnì. Kọ́ọ̀bù kan náà ló ń nù ṣáá. Ó ní òun ò bínú sí Uncle, òun ò bínú sí Kúnmi.

"Nínú bọ́ọ̀sì, mo rò pé o máa sọ. Nínú room, mo rò pé o máa sọ. Ní ọjà, mo bi ẹ́ léèrè gan-an, Yéwándé. Mo kàn fẹ́ kí ẹnìkan sọ fún mi, kí n lè sunkún lójú ẹ̀. Inú bathroom ni mo ti ń sun ún."

Mo ní àṣà ni. Ó ní òun mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17
Mo pè é. Kò gbé e.

Ọjọ́rú, 18
Mo lọ, èmi nìkan. Ó ṣílẹ̀kùn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó jẹ́ ká wọlé. Mo ní kó jókòó. Ó jókòó. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Agnes, Kúnmi pè mí. Mama ti kú."

Ó wò mí. Ó wá figbe ta, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, ó ṣubú lé mi láyà. A wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.