Ẹni Tó Ń Kan Ògiri Kó Tó Wẹ̀

Bọ̀dá Bámijí mi,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ yẹn o. Mọ́mì kí yín, ìyá onílé náà kí yín. Orúnkún Mọ́mì ti ń fúyẹ́, wọ́n ti ń rìn dé ẹnu géètì.

Bọ̀dá, mo wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, níbi tí àwa tí a ò mọra ti ń sọ ohunkóhun tó bá wá sí wa lọ́kàn. Ẹnì kan ní òun rí ìkuukùu tó dà bí ewúrẹ́ tó ń sùn. Lánàá, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Àjòjì kọ ọ́ pé kí òun tó wẹ̀, òun ṣì máa ń kan ògiri balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, “bí ẹni kan ilẹ̀kùn àna,” bíi pé táńkì ilé ni, kí òun lè mọ̀ bóyá omi kù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí òun ò rí ẹni bá jẹun.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Bàbá wa nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn àna yẹn, nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ èmi àti ẹ̀yin bí a ṣe ń kan táńkì wa n'Íkòsí níbí.

Mi ò sọ fún Mọ́mì. Ọlọ́run á fi ẹni rere yí yín ká. Mo kan táńkì láàárọ̀ yìí, omi kún un. Bí ẹ bá tún fẹ́ kan ògiri, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ pè. Màá dáhùn.

Àbúrò yín,
Nimat