Ìwé tí Mo Fọwọ́ sí Lónìí

Ọjọ́bọ̀, kí n tó dáná alẹ́

Mo tẹ̀lé ọkọ mi, Bàbá Ṣadé, lọ sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ wọn láti kápá ìbínú ní Ojú Òrè, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Adájọ́ ló ní kó máa lọ síbẹ̀ dípò ẹ̀wọ̀n, lẹ́yìn tó ṣẹ́ mi lápá.

Tíṣà bi mí níwájú rẹ̀ pé, "Ìyá Ṣadé, ṣé ó tún ti nà yín?"

"Rárá, sà."

Òótọ́ ni. Wọ́n kọ́ ọ pé bí inú bá ń bí i, kó máa ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá. Lánàá, torí iyọ̀ ọbẹ̀, ó ń kà á sókè, ó tẹjú mọ́ mi. Kó tó dé ẹ̀ta, Ṣadé ti wọ abẹ́ tábìlì. Kí ni mo fẹ́ sọ fún tíṣà? Pé ọkọ mi ń ka nǹkan?

Mo fọwọ́ sí ìwé tí tíṣà gbé síwájú mi pé ó ti yí padà. Àwọn ọkùnrin kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.

Lójú ọ̀nà, ó ní, "Ìwé yẹn ló kù. Kóòtù ò tún ní bá mi ṣe nǹkan kan mọ́."

Mo ní, "A dúpẹ́."

Títí di òní, ó mọ̀ pé ẹnì kan máa bi mí bóyá ó tún ti nà mí.