Ìforíkanlẹ̀ Mi ní Mọ́sálásí Kalley

Àsíátù àbúrò mi, orúnkún mi ti san! Mo sáré kọjá afárá dé Harobanda lódìkejì odò láàárọ̀ yìí. Ó dáa, takisí ni mo wọ̀. Ọkọ rẹ olórí kunkun ńkọ́, àtàwọn ọmọ ní Ìlọrin? Hàdìzà ìyàwó mi ṣì ń bú mi nítorí bọ́ọ̀lù tí mo bá àwọn àna mi gbá lọ́jọ́ Iléyá.

Látìgbà tí mo ti fi bọ́ọ̀lù yẹn ṣèṣe lórúnkún, orí àga ni mo ti ń kírun. Ẹ̀rù bà mí pé mi ò ní forí kanlẹ̀ mọ́ láyé. Nígbà tó yá, mo lè tẹríba fún rúkúù. Lánàá, ní mọ́sálásí Kalley, iwájú orí mi kan ẹní! Ìrun parí, mi ò dìde. Àlùfáà ní, "Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo bí Bàbá ṣe ń bẹ Ọlọ́run!"

Fi òrí ránṣẹ́, kí n máa fi pa orúnkún. Ọlọ́run á dá yín sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Àbdùlqúdùs.

Àsíátù, kì í ṣe àdúrà ni mo ń gbà nílẹ̀ níbẹ̀. Orúnkún ló há, èèyàn méjì ló gbé mi dìde.