Ìwé Ọkùnrin Tó Dáhùn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, bí ibi tí ẹ wà bá ṣeé pè ní ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí yín, ojú ló ń tì mí. Kí ni odindi tíṣà yóò máa kọ̀wé sí ẹni tí a sin sí ẹ̀gbẹ́ ilé fún? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá ojú títì. Ìwé kan àti ohùn kan ló kó mi síbi tí mo wà yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ sọ fún mi bóyá ẹ̀yin lẹ ni ohùn náà.

Agùnbánirọ̀ kan tí wọ́n gbé wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ọ̀sí ló yá mi níwèé ọ̀hún. Ọmọ Èkó ni, ó sì mọ̀wé débi pé ó máa ń bínú sí ẹni tí kò bá tíì ka ohun tó ti kà. Ó ní gbogbo ayé ló ń yin ìwé náà, pé ẹni tó kọ ọ́ gba ẹ̀bùn ńlá lórí ẹ̀. Àwa tíṣà máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní ọjọ́ Ẹtì láti sọ̀rọ̀ ìwé, wọ́n sì ní èmi ni kí n sọ lọ́tẹ̀ yìí bóyá ìyìn yẹn tọ́ sí i.

Ọkùnrin kan ló ń dá gbé nínú ìlú ńlá kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Kò rí ẹnì kankan. Ó dáhùn. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Gbogbo ìtàn náà nìyẹn, Bàbá mi, ìrònú ni ìyókù. Ó ronú títí, ó wá gbà pé kò sẹ́ni tó rán wa wá sáyé, kò sì sẹ́ni tó ń retí wa níbì kankan, kí oníkálukú máa ṣe bó ṣe wù ú. Ó bá lọ ra búrẹ́dì, inú ẹ̀ sì dùn.

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi rín. Ta ló ń dá ẹni tí kò rí lóhùn? Lọ́dọ̀ wa níbí, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ pàápàá mọ̀ pé bí wọ́n bá peni láti ìta, ẹsẹ̀ là á fi jẹ́ ẹ, a kì í la ẹnu. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń húkọ́ kí ẹ tó pè mí bí ẹ bá ti oko dé. Ẹ ní iwin kì í húkọ́. Ẹ ó dúró lẹ́yìnkùlé tẹrù tẹrù, ẹ ò ní wọlé àfi tí mo bá jáde wá bá yín sọ iṣu kalẹ̀. Mo ṣì ń rí yín bí ẹ ṣe máa ń fi igi ha amọ̀ kúrò lára ọkọ́, tí ẹ̀ ń sọ fún mi pé òjò tún ti ba ọ̀nà Odò-Ọwà jẹ́.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán ni, nígbà tí gbogbo èèyàn wà lóko tí àdúgbò dá páropáro. Mo jókòó sínú yàrá yín, mo tún ń ka ìwé náà. Ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe oríkì mi, èyí tí ẹ̀yin nìkan máa ń pè. Mo dìde, mo yọjú. Adìyẹ kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò mì. Orí mi wú. Mo bi Màámi tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà ní ilé ìdáná bóyá wọ́n gbọ́ nǹkan. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan, wọn ò sì gbójú sókè.

Láti ìgbà náà ló ti ń pè. Mo máa ń jáde lọ wò, n kì í dáhùn. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹ̀kọ́ yín ni mò ń tẹ̀lé, irọ́ sì ni. Wọ́n ní ẹni tó bá dá òkú lóhùn yóò bá a lọ. Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n dáhùn kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀, kó wá jẹ́ pé atẹ́gùn lásán ni, pé ẹ ti lọ pátápátá. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé òǹkọ̀wé yẹn mọ nǹkan. Ẹni tí kò bá mọ bí ilé ṣe ń dún lẹ́yìn tí ẹnì kan ti kúrò níbẹ̀ kò lè kọ ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ti búrẹ́dì yẹn bí mi nínú. Kí ló ń dùn mọ́ ọn nínú? Ṣé kò ní bàbá ni?

Mo fẹ́ràn yín, Bàbá mi. N kò sọ ọ́ létí yín rí, a kì í sọ irú ẹ̀ nílé wa. Omi tútù tí mo máa ń bù fún yín ni mo fi ń sọ ọ́. Ṣé ẹ mọ̀?

Lánàá, ó tún pè. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo ní n ó dáhùn, kí n lè mọ̀. Mo ní, “Bàbá mi, mo wà ńlé o!”

N kò tíì sọ ọ́ tán tí ọwọ́ kan fi bò mí lẹ́nu láti ẹ̀yìn. Màámi ni. Òórùn eérú wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fà mí wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan.

“Ìwọ kọ́ ló ń pè,” wọ́n ní. “Èmi ni bàbá rẹ ń pè. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé ló ti ń sọ fún mi pé kí n máa bọ̀ wá ulé, wálé lọ́dọ̀ òun.”

Mo ní oríkì mi ni mo gbọ́. Wọ́n ní rárá, orúkọ àwọn ni, èyí tí ẹ fi ń pè wọ́n nígbà tí ẹ̀ ń fẹ́ wọn, tí wọn ò tíì bímọ. Ohùn kan náà, lẹ́ẹ̀kan náà, a sì gbọ́ ọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà náà ni mo wá ṣàkíyèsí pé wọ́n ti rù. Wọ́n ti ká aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn sínú agbọ̀n lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

Lónìí, lábẹ́ máńgòrò, mo sọ pé ìwé náà kò tó bí wọ́n ṣe ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Agùnbánirọ̀ bi mí pé kí ni àbùkù rẹ̀. Mo ní ọkùnrin yẹn dá wà ni. Ẹni tó bá dá wà lè dáhùn bó ṣe wù ú, kó sì lọ ra búrẹ́dì. Bí ìyá rẹ̀ bá wà ní ilé ìdáná, ìwé náà kì bá tí parí síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kì í fi ìyẹn ṣèdájọ́ ìwé.

Bàbá mi, bó bá jẹ́ pé èmi lẹ̀ ń pè, mo ti dáhùn. Bó bá jẹ́ Màámi ni, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má pè wọ́n mọ́. Ẹ ti ní wọn fún ìgbà pípẹ́. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi díẹ̀ sí i.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò fẹ́ dá gbé ilé.