Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Ara Ògiri Yín

Màmá mi àtàtà,

Ẹ̀gbọ́n mi ti ba àwòrán ara ògiri yín jẹ́, èmi ni mo sì bá wọn dì í mú. Ìwà wọn ń rí mi lára. Tèmi tún wá burú jù.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó di obìnrin yẹn ni mò ń sọ, èyí tí ìyá òyìnbó tí ẹ tọ́jú níbi iṣẹ́ yín ní Uptown yà fún yín kí wọ́n tó kú. Ará Amẹ́ríkà pọ́ńbélé ni wọ́n, wọn ò dé Jàpáànù rí, ṣùgbọ́n àlọ́ àti àwòrán ibẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Ẹ ní ó jọ àlọ́ àgbọ̀nrín tó bọ́ awọ sílẹ̀, tó di ìyàwó ọdẹ. Tí ẹ bá fẹ́ kírun, ẹ ó fi ìborùn yín bò ó. Tí ẹ bá kírun tán, ẹ ó ṣí i, ẹ ó sì kí i kú ìdúró. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo máa ń gbọ́ yín láti kíṣìnì?

Lẹ́yìn fídáù ogójì ọjọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi wa mọ́tò láti ilé wọn ní Humble wá sí ilé yín ní Richmond, pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù omi tí wọ́n ti ka Àlùkùránì sí.

"Jìnnì ló wà nínú thing yìí, I'm telling you. Dì í mú dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n mi tí wọn ò lè yọjú nígbà tí mò ń pààrọ̀ ìlédìí yín, torí òórùn, ni wọ́n wá fọ ilé yín mọ́! Mo mọ̀ pé omi ni ìyá òyìnbó fi po ọ̀dà yẹn, omi náà ló sì máa pa á rẹ́. Mi ò sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ sọ ní mọ́ṣáláṣí pé mò ń bọ̀rìṣà.

Wọ́n da omi náà sí i. Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Pupa ṣàn mọ́ búlúù, ó di omi ẹrẹ̀, ó ń kán sórí káàpẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe Bísímílà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ní ebi ń pa àwọn, mo tún bu ìrẹsì fún wọn. Irú èèyàn wo ni mí, Màmá? Ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ooru Houston ti mú un gbẹ. Ó funfun, ó wú gbágungbàgun, mo sì gbé e padà sórí ìṣó. Kò sí ojú kankan níbẹ̀ mọ́ tó lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìrun. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó tẹ́ ẹní yín, mo fi ìborùn yín bò ó. Láti ìgbà náà, tí mo bá kírun tán, mi ò lè ṣí i.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì dì í mú.