Fi-sá Kọ́ Ni Mo Tọrọ, Fi-bọ̀ Ni

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ń jẹ́ kí o sinmi? Ẹlẹ́dàá tí ó gbé ẹrù náà kọ́ ọ lọ́rùn ni yóò bá ọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ yóò tutù bí omi òwúrọ̀. Ilé wà. Afẹ́fẹ́ ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, káfíńtà tí ó ní òun ń bọ̀ láti oṣù tó kọjá sì ṣì ń bọ̀.

Mo ti lọ sí ọ́fíìsì àwọn aṣojú ìjọba ibi tí o wà, nítorí àtiwá bá ọ wẹ ọmọ. Akọ̀wé kan tí kò tó ọ lọ́jọ́ orí jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ihò kékeré kan ni ó ń gbà sọ̀rọ̀ bí ẹni tí a tì mọ́lé. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bi í bóyá wọ́n ti fún un lóúnjẹ. Ó ní ṣé físà ni mo wá gbà. Ọmọ mi, ojú tì mí láàárín èrò. N kò jalè, n kò lu ẹnikẹ́ni, kí ni n ó fi sá fún? Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé pé kì í ṣe fi-sá ni mo fẹ́, fi-bọ̀ ni kí ó bá mi wá, èyí tí ènìyàn fi ń lọ tí ó sì fi ń bọ̀ wálé. Ó ní àwọn kò ní irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n mú ẹ̀rí wá pé n ó padà! Ẹni tí kò ní fi-bọ̀ ni ó ń bi mí bí n ó ṣe bọ̀.

Ó ní kí n mú ohun tí báǹkì sọ nípa mi wá. Mo ní báǹkì kò lè sọ mí láìdáa, nítorí a kò mọra. Mo ní sàréè bàbá rẹ wà lẹ́yìn ilé, mo sì ti fi òkúta sàmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ara mi. Ó ní ṣé mo ní ìwé fún òkúta náà. Mo wá ní ọmọ mi kan ṣoṣo wà lọ́hùn-ún, oṣù tó ń bọ̀ ni yóò bímọ. Àṣé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ó ba tèmi jẹ́. Ó ní nítorí pé ọmọ mi wà níbẹ̀ ni n kò ṣe ní padà. Ó lu òǹtẹ̀, ó ní kí n máa lọ sílé. Mo sì lọ sílé tààrà láìṣìnà, síbẹ̀ kò kà á sí ẹ̀rí.

Ta ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà? Ọkùnrin kan láti ìlú tí o wà gan-an, ó gbé àpò kọ́yìn, ó ní ẹyẹ ni òun wá wò, kí n fún òun ní yàrá. Ó ń sọ èdè wa bí ẹni tó di ẹyin sẹ́nu. Mo bi í léèrè físà rẹ̀. Ó ní ní ẹnu ibodè, èèpo ìwé ìrìnnà òun lásán ni wọ́n wò tí wọ́n fi kí òun káàbọ̀. Ó dùn mí. Ènìyàn lè wá wo ẹyẹ ẹlẹ́yẹ, ìyá kò lè lọ wo ọmọ tí ó fi inú ara rẹ̀ bí! Bí òsì bá ń wẹ ọ̀tún, tí ọ̀tún kò wẹ òsì, ṣé ọwọ́ mọ́ nìyẹn?

Mo ya ewé kàlẹ́ńdà, mo kọ fọ́ọ̀mù tèmi sẹ́yìn rẹ̀: fọ́tò méjì tí kò rẹ́rìn-ín, ohun tí báǹkì sọ, ẹ̀rí pé yóò padà. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ojú mi, ó jókòó, ó kọ ọ́. Níbi ẹ̀rí, ó kọ pé ìyá òun ń retí òun. Ìyẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo fi èédú kun àtàǹpàkò, mo tẹ̀ ẹ́ sí i, mo fún un ní yàrá rẹ. Ó ní bí mo bá rí ọ̀nà lọ, òun yóò máa ṣọ́ ilé, òun yóò sì máa fún àwọn ewúrẹ́ lómi títí n ó fi dé.

Ẹ̀rí tí mo ń wá nìyẹn! Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn wà lọ́wọ́ mi, ara rẹ̀ le, ó ń jẹun. Kí wọ́n fún mi ní fi-bọ̀ kí n lọ rí tèmi, ọjọ́ tí mo bá dé ni wọn yóò rí tiwọn.

Wọ́n mà mọyì ìwé o! Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ mẹ́rin dé pẹ̀lú ọlọ́pàá, gbogbo wọn wọ ẹ̀wù nípọn-nípọn. N kò rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n bá ọkùnrin ẹlẹ́yẹ ní ilé ìdáná, ó ń bá mi yọ àgbàdo. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà fẹ́ wọlé. Mo ní kí gbogbo wọn tò sórí ìlà, kí wọ́n gba fọ́ọ̀mù. Ọkùnrin ẹlẹ́yẹ sọ fún un pé kò sí ọ̀nà mìíràn, òun pàápàá kọ ọ́. Ọ̀gá náà jókòó sórí àpótí pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó ń kọ ọ́ lọ. Nígbà tí ó dé ibi ẹ̀rí pé yóò padà, ó ronú títí, ó ní òun kò mọ ohun tí ènìyàn ń kọ síbẹ̀. Mo ní ṣé òun náà ti rí i. Ó ká fọ́ọ̀mù náà sápò, ó ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀, òun fúnra òun ni n ó bá lẹ́yìn gíláàsì.

Nítorí náà, fi owó fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kíákíá, kí o sì fi ti páànù kún un. Wọ́n ní èyí tí mo san tẹ́lẹ̀ kò ṣeé dá padà. Èmi ni wọ́n ń fura sí, owó mi ni ó lọ tí kò bọ̀. Òun ni ó gba fi-sá.

Ọ̀nàkọ́nà tí o bá tọ̀ ní ayé yóò jẹ́ fi-bọ̀ fún ọ. Má rọbí kí n tó dé. Gbé ọwọ́ lé ikùn, kí o sọ fún ọmọ náà pé kí ó ní sùúrù díẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ wà lórí ìlà.

Èmi ni ìyá rẹ, tí yóò padà.